Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Èrò Lórí Ìtọ́jú Àìsàn Ọpọlọ Láwùjọ Yorùbá

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ìtumọ̀ òwe yìí kò fara sin. Nígbà tí ó bá jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn ni orí rẹ̀ dàrú, àwọn ènìyàn a máa pé lé e lórí, wọn a máa fi í ṣe ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n bí ọ̀ràn náà bá kan ilé ẹni, ẹ̀rín a di ẹkún, ìbéèrè kan ṣoṣo ni yóò sì wà lẹ́nu tẹrú-tọmọ: níbo ni kí a gbé e lọ? Ẹnìkan a ní ilé adáhunṣe ni. Ẹlòmíràn a ní orí òkè àdúrà ni, tàbí ọ̀dọ̀ ààfáà. Àwọn tí ó kàwé nínú ẹbí a ní ilé ìwòsàn ni. Kí wọ́n tó fẹnu kò, oṣù a ti di ọdún, àìsàn a sì ti jókòó sára.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti agboolé kan. Nínú ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2006, nǹkan bí ẹni 12 nínú 100 àgbàlagbà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ní Nàìjíríà ni irú àìsàn ọpọlọ kan tàbí òmíràn ti ṣe rí. Nínú àwọn tí àìsàn náà ń ṣe láàárín ọdún tí ìwádìí wáyé, nǹkan bí ẹni 8 nínú 100 péré ni ó rí ìtọ́jú gbà. Èyí fi hàn pé bí àwọn olùtọ́jú ti ń jà lórí ẹni tí ó ni aláìsàn, ọ̀pọ̀ aláìsàn ni kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ìjà náà kò wúlò. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yòówù tí ẹbí bá yàn láti tọ̀, òṣùwọ̀n mẹ́ta ni ó yẹ kí a gbé e lé. Èkínní, ǹjẹ́ wọ́n ka aláìsàn sí ènìyàn níbẹ̀? Èkejì, ǹjẹ́ olùtọ́jú mọ ìwọ̀n ohun tí ó ń lò, tí ó sì mọ ibi tí agbára rẹ̀ pin sí? Ẹ̀kẹta, ǹjẹ́ ìtọ́jú náà ń dá aláìsàn padà sí àárín àwọn ènìyàn rẹ̀?

Ojú tí Yorùbá fi ń wo àìsàn ọpọlọ

Kì í ṣe àwọn òyìnbó ni ó kọ́kọ́ fi yé Yorùbá pé àìsàn ọpọlọ pín sí oríṣiríṣi. Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ wèrè amútọ̀runwá, èyí tí wọ́n gbà pé ènìyàn gbé wáyé. Wọ́n mọ wèrè ìran, tí ó máa ń ti ara òbí dé ara ọmọ. Wọ́n mọ wèrè àfiṣe, èyí tí wọ́n gbà pé ọwọ́ ọ̀tá ni ó ti wá. Wọ́n mọ abísínwín, àìsàn tí ó máa ń kọ lu abiyamọ láìpẹ́ sí ìgbà tí ó bímọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n mọ ọdẹ orí, èyí tí ẹni tí ó ń ṣe yóò máa ráhùn pé nǹkan ń rìn nínú orí òun, pé àyà òun ń já, pé òun kò rí oorun sùn. Ní ọdún 1987 ni dókítà ọpọlọ kan, R. O. A. Makanjuola, tẹ ìwádìí jáde lórí ọdẹ orí. Ó fi hàn pé púpọ̀ nínú àwọn tí ó ní in ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí àìbalẹ̀ ọkàn ń bá fínra. Nípa bẹ́ẹ̀, ohun tí ìyá àgbà pè ní ọdẹ orí kì í ṣe ìsọkúsọ. Àìsàn gidi ni ó ń fi èdè tirẹ̀ júwe.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ tìtorí pé ìmọ̀ yìí jẹ́ tiwa kí a má sọ ibi tí ó kù sí. Ìgbàgbọ́ nínú wèrè àfiṣe ti sọ ọ̀pọ̀ ẹbí di olùwá-ọ̀tá-kiri. Dípò tí wọn ìbá fi máa bójú tó ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, ìyá ìyàwó tàbí ẹ̀gbọ́n baba ni wọn yóò máa nà ní ìka àbùkù. Bákan náà ni ìgbàgbọ́ kan wà pé bí wèrè bá ti wọ ọjà, kò ṣeé wò mọ́. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, nítorí pé ìtọ́jú tí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ ni ó máa ń rọrùn jù. Ṣùgbọ́n bí a bá gbà á bí ó ti wà, a ti fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ṣì lè gbádùn. Àwọn tí ó ti rìn ní ìhòòhò lójú títì fún ọdún púpọ̀ wà tí wọ́n gba ìtọ́jú tí wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ìtọ́jú ìbílẹ̀ àti ìtọ́jú ilé àdúrà

Ẹni tí ó bá sọ pé kò sí oògùn nínú ewé àti egbò àwọn baba wa kò mọ ìtàn. Igi asofẹ́yẹjẹ wà nínú àwọn igi tí àwọn oníṣègùn Yorùbá máa ń lo egbò rẹ̀ láti fi mú ara aṣínwín rọlẹ̀. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé ní ọdún 1960 lórí bí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ Nàìjíríà ti ń lò ó. Ìbátan igi yìí tí ó ń hù ní Íńdíà ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti yọ oògùn tí wọ́n ń pè ní reserpine jáde ní ọdún 1952. Reserpine yìí sì wà lára àwọn oògùn tí ó kọ́kọ́ wọ ilé ìwòsàn àwọn òyìnbó fún ìtọ́jú irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó fi máa dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn adáhunṣe ti ń gún egbò asofẹ́yẹjẹ nínú odó.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó wà nínú asofẹ́yẹjẹ lágbára. Ó máa ń mú kí ìfúnpá lọ sílẹ̀, ó máa ń kunni lóorun, bí ó bá sì pọ̀ jù, ó lè ṣekú pani. Ó tún lè fa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn fún ẹlòmíràn. Egbò kan kì í ṣe déédéé pẹ̀lú èkejì nínú agbára, ife àgbo kan kò sì bá èkejì dọ́gba. Nítorí náà, ẹ̀sùn tí ó tọ́ sí oògùn ìbílẹ̀ kì í ṣe pé kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀sùn tí ó tọ́ sí i ni pé ó ń ṣiṣẹ́ láìsí òṣùwọ̀n. Ìwádìí ni ó lè tún èyí ṣe. Èébú kò lè tún un ṣe, ìyìn asán náà kò sì lè tún un ṣe.

Ilé àdúrà náà ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ẹni tí ìbànújẹ́ bò mọ́lẹ̀ nílò ẹni tí yóò jókòó tì í, tí yóò pe orúkọ rẹ̀, tí yóò sọ fún un pé ọ̀la yóò dára. Ìjọ aládùúrà àti mọ́sálásí a máa ṣe èyí láìgba kọ́bọ̀, nígbà tí ilé ìwòsàn bá jìnnà tàbí tí owó bá wọ́n. Ṣùgbọ́n kí wolii kan sọ fún aláìsàn pé kí ó da oògùn dókítà nù nítorí pé ìgbàgbọ́ ti tó, ìwà ìkà ni. Kí wọ́n sì fi ebi pa ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé ní orúkọ ààwẹ̀, ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́.

Èyí tí ó burú jù ni ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti pàṣán. Àwọn kan a máa sọ pé bí a kò bá na wèrè, àìsàn rẹ̀ kò ní gbọ́. Kò sí ìwádìí kankan tí ó ti èyí lẹ́yìn. Ẹ̀rù ni pàṣán ń dá ba aláìsàn, ọgbẹ́ ni ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sì ń dá sí i lẹ́sẹ̀. A kò sì gbọdọ̀ rò pé ilé adáhunṣe nìkan ni ẹ̀wọ̀n wà. Nínú ìròyìn tí àjọ Human Rights Watch gbé jáde ní ọdún 2019, wọ́n fi hàn pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni wọ́n dè mọ́lẹ̀ tàbí tí wọ́n tì mọ́lé ní Nàìjíríà. Ó ṣẹlẹ̀ nílé ìṣègùn ìbílẹ̀, nílé àdúrà Kìrìsìtẹ́nì, nílé ìtọ́jú àwọn Mùsùlùmí, àti nílé ìwòsàn ìjọba pàápàá. Nípa bẹ́ẹ̀, kò sí ọ̀kankan nínú àwọn ọ̀nà ìtọ́jú wọ̀nyí tí ó lè na ìka sí èkejì pé tirẹ̀ nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ dọ̀tí.

Ilé ìwòsàn àti àpẹẹrẹ Arò

Nígbà tí ìjọba amúnisìn dá ilé àwọn aṣínwín sílẹ̀ ní Yábàá ní ọdún 1907, kì í ṣe nítorí àtiwo àìsàn ni wọ́n fi dá a. Ibi tí wọ́n ń kó àwọn ènìyàn pa mọ́ sí kúrò lójú títì ni. Ní Láńtòrò, ní Abẹ́òkúta, ilé tí ó ti jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n yí padà ní ọdún 1944 láti gba àwọn ọmọ ogun tí ogun àgbáyé kejì ti da ọpọlọ wọn rú. Ìyẹn ni pé ìtọ́jú àwọn òyìnbó náà bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ yìí pẹ̀lú ògiri àti kọ́kọ́rọ́.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni ó yí ìtàn yìí padà. Thomas Adéoyè Lámbò, tí wọ́n bí ní ọdún 1923, kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Birmingham àti ti ìwòsàn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1954 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò nígbà tí ilé ìwòsàn kò tíì parí. Kò dúró de bẹ́ẹ̀dì. Ó bá àwọn baálé àwọn abúlé tí ó yí ibẹ̀ ká sọ̀rọ̀ kí wọ́n máa gba àwọn aláìsàn sílé. Àdéhùn kan ni ó wà níbẹ̀: ó kéré tán, ará ilé aláìsàn kan gbọ́dọ̀ bá a wá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò. Ẹni yìí ni yóò máa se oúnjẹ rẹ̀, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò máa mú un lọ gba oògùn nílé ìwòsàn láàárọ̀, tí yóò sì mú un padà sí abúlé nígbà tí ó bá ṣe. Ní abúlé, aláìsàn ń gbọ́ èdè rẹ̀, ó ń jẹ oúnjẹ tí ó mọ̀, ó sì ń lọ sí ibi ayẹyẹ bí ẹlòmíràn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti gbọ́ pé Lámbò pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sí Arò. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àsọdùn a máa wọ inú ìtàn náà. Lámbò kò da àgbo pọ̀ mọ́ oògùn òyìnbó nínú ife kan náà. Ìtọ́jú tí àwọn dókítà ìgbà náà mọ̀ ni ilé ìwòsàn ń lò. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ń darí ìgbé-ayé àwọn aláìsàn ní abúlé àti àwọn ètò àwùjọ wọn, wọ́n sì ń ran ìwádìí lọ́wọ́. Olúkúlùkù ní ibi tí ó mọ̀ jù, ibẹ̀ ni wọ́n sì fi í sí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1961, àwọn dókítà ọpọlọ láti ilẹ̀ Áfíríkà àti òkè òkun péjọ sí Abẹ́òkúta fún àpérò àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Lámbò fúnra rẹ̀ di gíwá Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1968, ó sì di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé lẹ́yìn náà. Ó jáde láyé ní ọdún 2004.

Ẹ̀kọ́ Arò tí ó tóbi jù kò sí nínú oògùn, kò sì sí nínú etutu. Ó wà nínú ará ilé tí ó bá aláìsàn wá. Ẹni tí ẹbí rẹ̀ ń rí lójoojúmọ́ kì í di àlejò sí wọn. Nígbà tí ara rẹ̀ bá yá, kò sí ẹni tí yóò bẹ̀rù láti gbà á padà, nítorí pé ojú wọn ni ó ṣe yá. Òótọ́ ni pé ayé ti yí padà, tí kò fi rọrùn fún ẹnìkan láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan tẹ̀ lé ọmọ ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí èyí di àwáwí fún àwọn tí ó máa ń gbé aláìsàn jù sílẹ̀, tí wọ́n sì máa ń fún ilé ìwòsàn ní àdírẹ́sì tí kò sí.

Ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ

Kì í ṣe gbogbo àìsàn ọpọlọ ni ó ń fẹ́ oògùn. Fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àìbalẹ̀ ọkàn tí kò le púpọ̀, ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú ẹni tí ó mọ bí a ti ń tẹ́tí sílẹ̀ máa ń wo ènìyàn sàn. Àwọn kan rò pé àṣà òyìnbó ni èyí. Àpẹẹrẹ láti ilẹ̀ Áfíríkà kan náà ta ko wọ́n. Ní ọdún 2006, dókítà Dixon Chibanda ní Harare, olú-ìlú Zimbabwe, kọ́ àwọn ìyá àgbà 14 ní bí wọn yóò ṣe máa jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn, kí wọ́n sì máa bá ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú sọ̀rọ̀. Èdè Ṣónà ni wọ́n ń lò. Ọ̀rọ̀ kan nínú èdè náà tí ó túmọ̀ sí àrójù ni wọ́n fi ń pe àìsàn náà, kì í ṣe orúkọ tí ó wà nínú ìwé àwọn dókítà. Ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2016 fi hàn pé ara àwọn tí ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà yá ju ti àwọn tí ó gba ìtọ́jú tí ó wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Bí dókítà bá ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bi ìyá arúgbó léèrè bí ọkàn rẹ̀ ti rí, kí ni yóò gbọ́? Èdè tí ó ní ìdààmú, ìrònú, àròkàn, ìpòrúrùú àti ọkàn gbígbọgbẹ́ kò ṣaláìní ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Àwọn onímọ̀ èdè ni kò tíì kó wọn jọ fún àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà.

Ìfọwọ́sowọ́pọ̀

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ní ọdún 2020, Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn àti ní Kumasi, ní ilẹ̀ Gánà. Àwọn aláìsàn 307 ni ó kópa. Ní apá kan, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́dé ń lọ bá àwọn aláìsàn nílé oníṣègùn ìbílẹ̀ tàbí nílé àdúrà tí wọ́n wà, wọ́n ń fún wọn lóògùn, wọ́n sì ń bá olùtọ́jú ibẹ̀ jíròrò kí ó dín ìtọ́jú tí ó léwu kù. Ní apá kejì, wọ́n fi nǹkan sílẹ̀ bí ó ti wà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn ti apá àkọ́kọ́ yá ju ti apá kejì lọ dáadáa. Kò sí adáhunṣe tí wọ́n ní kí ó fi iṣẹ́ baba rẹ̀ sílẹ̀. Kò sì sí nọ́ọ̀sì tí wọ́n ní kí ó wá bọ òrìṣà.

Òfin pàápàá ti ń rìn lọ sí ọ̀nà yẹn. Òfin ìgbà amúnisìn tí ó ń pe aláìsàn ní aṣínwín ni Nàìjíríà ń lò títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ. Òfin tuntun yìí sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ aláìsàn. Ṣùgbọ́n òfin inú ìwé kì í tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Àwọn ènìyàn tí ó mọ̀ pé òfin wà ni ó ń tú u.

Ipa olùkọ́

Púpọ̀ nínú àìsàn ọpọlọ ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà èwe. Olùkọ́ ni ó sì máa ń wà pẹ̀lú ọmọ fún wákàtí púpọ̀ lójúmọ́. Bí ọmọ tí ó máa ń dáhùn ìbéèrè bá dákẹ́ lójijì, bí ó bá ń dá sọ̀rọ̀, bí ó bá ń sùn ní kíláàsì lójoojúmọ́ tàbí tí kò fẹ́ bá ẹgbẹ́ ṣeré mọ́, kì í ṣe ẹgba ni ó kàn. Kí olùkọ́ pè é sí kọ̀rọ̀, kí ó bi í léèrè, kí ó fi tó olùdámọ̀ràn ilé-ìwé àti òbí létí, kí ó sì gbà wọ́n níyànjú láti lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ó bá jẹ́ pé wárápá ni ó gbé ọmọ, kí olùkọ́ mọ̀ pé àìsàn tí oògùn ń kápá ni, kò sì ràn. Kí ó má ṣe jẹ́ kí àwọn yòókù sá fún un.

Ẹnu olùkọ́ náà ṣe pàtàkì. Ọ̀rọ̀ náà "wèrè" ti di èébú tí olùkọ́ fi ń bá akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ ìṣirò wí. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn ọpọlọ jókòó sínú kíláàsì náà, ó sì ń gbọ́. Nígbà tí ó bá dàgbà tí ọkàn tirẹ̀ náà bá dàrú, yóò fi pa mọ́, nítorí ó ti mọ orúkọ tí wọn yóò pè é. Àwọn òwe wa tí ó mẹ́nu ba wèrè kò ní kúrò nínú ìwé, kò sì yẹ kí wọ́n kúrò. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó ń kọ́ni lówe gbọ́dọ̀ lè ṣàlàyé fún akẹ́kọ̀ọ́ pé òwe ń fi ojú ìgbà tí wọ́n dá a wo ayé, àti pé ẹni tí òwe ń dárúkọ jẹ́ ọmọ ẹnìkan.

Àgbálọgbábọ̀

Ní àkótán, ewé ní iyì tirẹ̀ bí a bá wọ̀n ọ́n. Àdúrà ní iyì tirẹ̀ bí kò bá gba oògùn lọ́wọ́ aláìsàn. Ilé ìwòsàn ní iyì tirẹ̀ bí kò bá di ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ọ̀rọ̀ sísọ ní iyì tirẹ̀ bí ó bá jẹ́ ní èdè tí aláìsàn gbọ́. Èyí tí kò ní iyì kankan níbikíbi ni ẹ̀wọ̀n àti pàṣán. Ó yẹ kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni fi ẹ̀kọ́ ìlera ọpọlọ kún ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò mọ̀ kí ó tó lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́. Ó sì yẹ kí ẹ̀ka Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn ọ̀rọ̀ tí ó bá ìtọ́jú ọpọlọ mu jọ. Kì í ṣe gbogbo olùkọ́ ni yóò lè wo aláìsàn sàn, ṣùgbọ́n kò sí olùkọ́ tí kò lè tọ́ka sí ọ̀nà.